Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Lábẹ́ Ìlù

Dókítà yọ ohun tó hù sọ́nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ohùn rẹ̀ sì bá a lọ. Orin kan ṣoṣo ló kù, èyí tó wá kọ lọ́dọ̀ mi ní Savalou kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ohùn sílẹ̀, kí n po ti akọrin pọ̀ mọ́ ti ìlù àti gìtá.

Yàrá iṣẹ́ mi àti ilé kéwú jọ fara kan ògiri ni. Tí àwọn ọmọ bá ti ń kéwú, n kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ mi ké. Jẹ́jẹ́ báyìí ni mo ṣe po orin yẹn, torí ẹ̀gbọ́n mi ní inú yàrá òun lòun á ti máa gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ wà lókè téńté. Mo gbọ́ ọ, mo sunkún.

Àṣé ọkọ rẹ̀ ti gbé orin náà fún àwọn tó ń ṣètò ọdún iṣu ní Bantè. Ó ní kí ará ìlú tún gbọ́ ìyàwó òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi náà ń fẹ́ lọ́kàn nìyẹn, kí wọ́n gbọ́ òun. Ta ni màá wá bá jà? Lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀gbọ́n mi múra, ó lọ jókòó síwájú.

Etí ọmọ aráyé, ọ̀dàlẹ̀ ni. Bí o bá gbé gbogbo orin sókè ní iye dẹ́síbẹ́lì kan náà, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, etí ò ní gbà á bákan náà. Tí orin bá rẹlẹ̀, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn tó wúwo, bíi ti ìlù ńlá; tó bá ti ròkè, ohùn wúwo yẹn á ru bí ẹ̀kọ lórí iná, á bo ìyókù. Torí pé jẹ́jẹ́ ni mo ṣe po orin tiwa, mo ti fi ohùn wúwo kún un kí etí lè gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe tẹ orin náà, ìlù mi ilẹ̀ tìtì. Mo sáré bá ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fà á wálẹ̀, kó dín ohùn wúwo kù. Ó ní àwọn tó ṣètò ọdún ní kó dé etí àwọn ará Lougba, ìlú kejì. Mo ní orí ẹ̀ ò pé. Àwọn èrò ní kó fi kún un, ó sì fi kún un. Ìlù àti gìtá gbé ohùn ẹ̀gbọ́n mi mì, gbogbo wọn ń jó. Kò sóhun tí mo lè ṣe mọ́.

Obìnrin kan jó dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó kúnlẹ̀ kí i, ó wá bi í pé, "Ìyá wa, ta ló ń kọrin lábẹ́ ìlù yẹn? A ò gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sí nǹkan tó jáde.