Ìkíni Tí Ìyá Wa Kí Láti Orí Òkè Ẹ̀yìn Zuba

Àkùkọ kò tíì kọ ní Gárkì nígbà tí Bàbá wa ti ń di ẹrù sínú Pìjó funfun wa. Tàpólì, ìkòkò, wáyà gígùn àti àpótí rédíò ni ẹrù náà. Àwọn aládùúgbò rò pé à ń kó kúrò nílùú ni. Bẹ́ẹ̀, òkè kan lẹ́yìn Zuba là ń lọ, láti lọ pàgọ́ sùn. Ní Kàbà tí wọ́n ti bí wa, ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀ lọ sùn nínú igbó, ọdẹ ni, tàbí kí orí rẹ̀ má pé. Rédíò ló fa ti Bàbá wa.

Kì í ṣe rédíò ìròyìn o. Èyí ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀, ìjọba ló sì fún Bàbá wa ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Wọ́n a máa fi bá ẹni tí wọn kò rí rí sọ̀rọ̀ lókè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Àbújá ni. Katakata àti jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbọ́ nǹkan kan nílé.

Ìyá wa kì í bá wọn lọ sírú ìrìn yìí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Bùọ̀dá Jídé, ẹ̀gbọ́n Ìyá wa, tí àwọn àti Bàbá wa jọ kọ́ iṣẹ́ rédíò, wà ní ìlú òyìnbó. Nígbà tí ìyá wọn kú, Bùọ̀dá kò lè wá sin ín. Ìyá wa fi ìbínú rán arìnrìn-àjò kan sí wọn pé kí wọ́n lọ wá àbúrò mìíràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ìgbà náà, wọn kò gbúròó ara wọn mọ́. Bàbá wa ti wá bá Bùọ̀dá ṣàdéhùn lórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀sán Sátidé yìí. Ìyá wa fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n àwọn ṣì ń bínú.

Oòrùn yọ bá wa ní Zuba, níbi tí ọsàn ti tò lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà.

“Sannu, Hajiya. Lemu mai zaki,” ni oníṣòwò kan wí. Lemu ni Hausa ń pe ọsàn. Ó ní tòun dùn.

Náírà kan ni òkìtì kan. Ìyá wa pòṣé. “Ní Kàbà, ewúrẹ́ ló ń jẹ irú èyí.” Síbẹ̀ wọ́n ra òkìtì méjì.

A pàdé àwọn obìnrin Gbagyi, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ru igi sí èjìká. Àwa, orí la fi ń rù ú. Bàbá wa ní àwọn Gbagyi gbà pé orí lọba ara, a kì í sì í di ẹrù lé ọba. Mo rò ó títí a fi dé orí òkè.

Bàbá wa ta wáyà sórí igi, wọ́n so rédíò mọ́ bátìrì mọ́tò. “Ìyá Tóyìn, tẹ bọ́tìnì yìí kí o sọ̀rọ̀. Tú u sílẹ̀ kí o gbọ́ èsì.”

Nígbà tó yá, ohùn Bùọ̀dá jáde, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá wa kúnlẹ̀ lórí àpáta, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di máìkì mú. Lọ́dọ̀ wa, “okun o” ni ìkíni, a kì í sì í kí i lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ṣe ń kí ni ẹni tí ò ń kí á máa dá ọ lóhùn.

“Okun o, Bùọ̀dá mi.” Wọ́n dúró díẹ̀. “Okun òtútù.” Wọ́n tún dúró. “Okun ọ̀fọ̀ ìyá wa.”

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ rédíò lẹ́nu. Omi bọ́ lójú Ìyá wa. “Bàbá Tóyìn, wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ṣì ń bínú.”

“Tú bọ́tìnì sílẹ̀.”

Ìyá wa kò gbọ́. “Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Ìbànújẹ́ ló mú mi sọ ọ́.”

Bàbá wa rọra gbé àtàǹpàkò wọn kúrò. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn Bùọ̀dá dé, àwọn náà ti fẹ́ sunkún. “Okun o, Àbẹ̀ní. Okun ilé. Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Mo ti ń dá ọ lóhùn láti àárọ̀.”

Bùọ̀dá tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá rédíò fúnra wọn ti gbàgbé òfin pé ẹni tó bá di bọ́tìnì mú kì í gbọ́ èsì. Nígbàkigbà tí Ìyá wa bá sinmi ni wọ́n ń dáhùn. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ Kérésìmesì lọ.

Wọ́n kí ara wọn títí bátìrì fi kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́tò kọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Gbagyi ló bá wa tì í, Ìyá wa sì ń bá wọn tì í, wọ́n ń kọrin. A padà dé Gárkì sínú ariwo katakata. Ìyá wa kò tilẹ̀ ráhùn nípa rẹ̀. Wọ́n ń pín ọsàn fún àwọn aládùúgbò.

Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé ìdákẹ́jẹ́ ẹni kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìbínú. Ìyá wa ti lọ báyìí, ọkàn mi sì ń fà sí wọn. Nígbà tí wọ́n darúgbó tí fóònù dé, bí wọ́n bá ti pè mí, wọ́n á ní “Okun o, Tóyìn,” wọ́n á sì dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbé àtàǹpàkò kúrò lórí bọ́tìnì rédíò. Mo máa ń yára dáhùn, kí wọ́n má baà rò pé mò ń bínú.