Àwọ̀n Inú Ẹsẹ̀ Amali

Ẹni tó bá gbé àwọ̀n tó ya wá bá Susai létíkun Nagapattinam ní India, yóò kọ́kọ́ gba èébú kó tó gba àtúnṣe. "Ẹja lẹ fi pa ni, àbí òkúta lẹ fi kó?" Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ.

Jẹjẹrẹ wá wọ eegun ojúgun ọmọ rẹ̀, Amali, ọmọ ogún ọdún. Dókítà Vaidehi nílé ìwòsàn kan nílùú Chennai ní àwọn ò ní gé ẹsẹ̀ náà. Irin làwọn máa fi rọ́pò eegun, àwọ̀n làwọn ó sì fi so iṣan orúnkún mọ́ irin. Ni etí Susai bá nà.

"Àwọ̀n kẹ̀? Ẹ jẹ́ n rí i."

Dókítà fún un ní ègé kan. Susai gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń fi èékánná wá kókó rẹ̀.

"Ojú rẹ̀ ti há jù. Ẹja wo lẹ fẹ́ pa?"

"Bàbá, a ò pa ẹja. Ẹran ara ló máa hù gba ojú rẹ̀ kọjá, táá fi dì í mú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Amali ò gbọdọ̀ ká orúnkún rárá."

Susai ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́, ọ̀tọ̀ ni kó gbà. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọn ò bá rẹ àwọ̀n tuntun sómi, kí wọ́n sì fà á dáadáa kí kókó rẹ̀ lè mú, á tú lójú òkun lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí nọ́ọ̀sì ti jáde, ó tú ìdè tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ Amali kó má baà ká.

"Bàámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ fà á díẹ̀ ni. Kókó ò tíì mú."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò!" Amali fi ìrọ̀rí gbá a lọ́wọ́, orúnkún náà sì ká díẹ̀. "Bó bá já, ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa pọ̀n mí kiri?"

"Mo ti ń ṣe àwọ̀n kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ẹ ò ṣe é nínú ẹran ara rí!"

Susai dè é padà. Ó wù ú kó dákẹ́, àmọ́ ẹni tó gba Ara Kristi láàárọ̀ kì í fẹnu yẹn purọ́ lọ́sàn-án. Ó lọ jẹ́wọ́ fún dókítà.

"Ṣé orúnkún náà ká?"

"Ó ká díẹ̀, Dókítà."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà ká tó mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Susai ò lè jẹ ìrẹsì dé ìdajì abọ́.

Nígbà tó pé, wọ́n tú ìdè. Dókítà ní, "Amali, gbé gìgísẹ̀ sókè. Má ká orúnkún. Bó bá gbéra, a jẹ́ pé àwọ̀n ti mú."

Ẹsẹ̀ ò mira. Amali di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó tún gbìyànjú. Itan rẹ̀ le, egungun orí orúnkún sún sókè. Susai bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ gìgísẹ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá sódìkejì láìkan gìgísẹ̀.

"Ó ti tó," ni dókítà wí. "Gbé e sílẹ̀."

Amali ò gbé e sílẹ̀.