Bàlúù Tí A Dorí Rẹ̀ Kodò

"Atẹ́gùn yín ló wọ́. Bàlúù wa ò ní àléébù kankan." Ohun tí ọ̀gá àwọn oníbàárà wa sọ nìyẹn, mo sì bínú débi pé etí mi gbóná.

Iṣẹ́ wa ní Atlanta níbí ni pé kí bàlúù tuntun tó gbé èèyàn, a ó gbé kékeré rẹ̀ tí wọ́n fi irin ṣe sórí ọ̀pá kan nínú páìpù ńlá, a ó wá máa fẹ́ atẹ́gùn lù ú. Ọ̀pá yẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí bàlúù fẹ́ kọrí sí. Bí eré atẹ́gùn bá ti fẹ́ bá eré ìró dọ́gba, ibẹ̀ ni ojúlówó bàlúù ti ń yàtọ̀ sí gbàrọgùdù. Ti àwọn oníbàárà yìí, bó bá ti débẹ̀, imú rẹ̀ á ṣàdédé fẹ́ gbéra sókè. Awakọ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbé ńlá rẹ̀ fò lóṣù tó ń bọ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wojú gbogbo wa.

Uncle Láyí, ọ̀gá wa, tó tún jẹ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Snellville, ti fẹ́ gbà fún wọn. Ta ni yóò já irú àgbà bẹ́ẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò? Àmọ́ ọkàn mi kọ̀ jálẹ̀. Mo bá kúnlẹ̀.

"Uncle, ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ ká flip model yẹn, ká run ẹ̀ again. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn wa, imú ẹ̀ á ṣì máa lọ sókè. Tó bá jẹ́ bàlúù ni, á kọrí sílẹ̀. Please sà."

Mo ti gbàgbé pé ibi iṣẹ́ la wà, kì í ṣe pálọ̀ Uncle. Obìnrin kan nínú àwọn oníbàárà rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó sáré gbé omi wá. Mo mu ún, kí ojú má baà tì í.

Uncle rẹ́rìn-ín. "Dìde jàre, Bísí. Oya, flip it."

Nígbà tí atẹ́gùn tún dé orí eré yẹn, gbogbo wa tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà orí kọ̀ǹpútà já wálẹ̀ wìì: imú ń wá ilẹ̀. Àléébù náà bá bàlúù yí. Ọ̀gá oníbàárà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní àwọn máa lọ tún ìrù rẹ̀ ṣe. Uncle sọ fún wọn pé èmi ni mo ní ká yí i, orí mi sì wú.

Wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé mo tọ́ sí wọn. Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti awakọ̀ yẹn. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun ò gbé bàlúù yẹn fò lóṣù tó ń bọ̀ mọ́.