Adágún Orí Kápẹ́ẹ̀tì

Bí mo bá tú máàpù àtijọ́ ní ọ́fíìsì mi ní Houston, tí òórùn bébà náà kàn mí nímú, ọ̀sán kan nígbà èwe mi tí AC ilé wa bàjẹ́ ni mo máa ń rántí. Bàbá mi tẹ́ máàpù àwọn adágún tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ gbẹ́ sí àríwá Amẹ́ríkà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ó yá, ẹ bọ́ sómi!"

Èmi àti àbúrò mi fò sí i. Bàbá ń nàka sí àwọn abúlé etí omi, wọ́n ń sọ ẹni tó ń dín ẹja níbẹ̀ àti ẹni tó láhun. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé Bàbá ò débẹ̀ rí.

Màmá yọjú láti kíṣìnnì, òógùn bò wọ́n.

"Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"À ń lúwẹ̀ẹ́ ni."

Màmá wò wá. Wọ́n bọ́ sílípáàsì, wọ́n ká ìró sókè kó má baà tutù, wọ́n sì bọ́ sómi.