Ibi Tí Pèrègún Wà Ni Ààlà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí bàbá mi ṣì ń gbé mi sí èjìká sọdá odò, Ìjemọ̀ ni ilé wa wà, oko wa sì wà lọ́nà Kọ́bapẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń wo ààlà ilẹ̀ nínú fóònù, pèrègún là ń gbìn sí ààlà nígbà yẹn, torí kì í tètè kú.

Ọkùnrin kan bá wa pààlà níbẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dúró sílé, ọkùnrin náà hú pèrègún, ó lọ gbìn ín sínú oko wa, àwọn igi obì wa sì bọ́ sí apá tirẹ̀. Bàbá mi pè é lẹ́jọ́ níwájú baálẹ̀, gbogbo wa sì lọ wo ilẹ̀ náà. Mo rí i pé ewé pèrègún ṣì rọ, mo sì sọ pé ṣe ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín. Wọ́n ní kí n panu mọ́, ọmọdé kì í dá sí ẹjọ́ àgbà. Ọkùnrin náà wá búra.

"Ibi tí pèrègún wà ni ààlà. Láti ayé baba mi ni."

Baálẹ̀ dá a láre, ó sì ní kí bàbá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó pè é lólè. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń jẹ obì, obì tiwa, ó sì pẹ́ kó tó ní kó dìde. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn méjèèjì ti kú. Oko di ìlú, mo sì kọ́lé sí apá tó kù fún wa. Nígbà tí wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀, ìlà pèrègún yẹn ni wọ́n fi ṣe ààlà. Káńsù tiwa da ọ̀dà sójú ọ̀nà, ó fa omi ẹ̀rọ wá. Káńsù ti àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn jìnnà réré, kò rántí wọn. Ọ̀dà dé ìdí pèrègún, ó dúró. Orí ilẹ̀ tí bàbá wọn jí ni àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́lé sí, bí òjò bá sì ti rọ̀, mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà wọnú ẹrẹ̀. Inú mi a máa dùn. N ò ní purọ́ fún yín.

Láìpẹ́ yìí, àwọn awọnlẹ̀ dé láti tún ààlà káńsù méjèèjì wò. Èmi nìkan ló kù tó mọ ojú ààlà àtijọ́. Àkọ́bí ọkùnrin tó hú pèrègún yẹn, tí òun náà ti hewú, wá dọ̀bálẹ̀ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ààlà àtijọ́ hàn wọ́n. A mọ̀ pé ilẹ̀ yín ni, a ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀nà àti omi ṣáà dé ọ̀dọ̀ wa."

N ò tètè ní kó dìde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ bàbá mi á padà sọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ni òtítọ́ wà, mo sì gbé e mì. Mo kọjú sí àwọn awọnlẹ̀.

"Bàbá rẹ̀ búra pé ibi tí pèrègún wà ni ààlà. Ta ni mí tí màá pe òkú ní òpùrọ́?"

Ayé ti yí padà. Òpó kọnkéré ni wọ́n rì síbẹ̀ báyìí, kò sì ní ewé tó lè rọ kí ọmọdé rí i. Àwọn ọmọ mi ní kí n foríjì àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ tán ná.