Ẹṣin tí Wọ́n Ní Oríire Lásán Ló Gbé Borí

Òórùn ilé ẹṣin kì í tètè kúrò lára aṣọ. Èyí tí mò ń sọ fún ọ yìí, ọ̀rẹ́ mi, wà lẹ́yìn ilé bàbá mi ní Àpáta: òórùn koríko tútù, èèrí ọkà bàbà tí wọ́n fi omi pò, àti òógùn ẹṣin tó ti gbẹ mọ́ awọ gàárì. Lásìkò yẹn, tí mo bá dé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road láàárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó gbé báàgì mi kalẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ pé mo ti kọ́kọ́ yà kí ìyàwó bàbá mi. Ìyàwó bàbá mi tí wọ́n ń wí ni Àṣàkẹ́, abo ẹṣin pupa kan tí kò ga rárá, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan funfun dé orúnkún bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Bàbá mi ló rà á lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n ní àwọn kàn lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn kan ní Sábó ni, pé kò sí lọ́kàn àwọn láti ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n abo ẹṣin yìí dá dúró lẹ́bàá ògiri níbi tí wọ́n so àwọn ẹṣin mọ́, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Òun ló ń wo àwọn èèyàn. Wọ́n sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́ nítorí pé àwọn fúnra wọn ló ṣà á láàárín àwọn yòókù. Wọ́n wá bẹ bàbá kan tó ti Ṣakí wá, tí a ń pè ní Bàbá Ṣakí, tó ti ń kọ́ ẹṣin láti ìgbà èwe rẹ̀, pé kó bá àwọn tọ́ ọ. Láàárọ̀, àwọn méjèèjì á mú un jáde sí pápá, bàbá mi á jókòó sórí àga oníke, wọ́n á máa pàṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé. Bàbá mi kú kí Àṣàkẹ́ tó sá eré kankan. Nígbà tí àìsàn wọn le, wọ́n pe èmi àti àbúrò wọn ọkùnrin, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Challenge nítorí àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ní, “Ẹṣin yẹn, obìnrin yìí ni mo fún.” Àbúrò wọn dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Mo rántí pé Bàbá Challenge kò wo ojú mi nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn Ìleyá ọdún tó tẹ̀ lé e ni eré ẹṣin kan wáyé ní pápá ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sì rọ̀ níbi tí pápá ti yí. Gbogbo ẹni tó wá síbẹ̀ ló mọ ẹṣin tí wọ́n wá wò: akọ ẹṣin dúdú kan tó ga, tó jẹ́ ti Alhaji kan ní Bódìjà, tí kò tíì sí ẹṣin kankan lágbègbè wa tó borí rẹ̀. Èmi ò wá wo nǹkan kan ju pé kí Àṣàkẹ́ sáré kó sì padà wálé láìfarapa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Sábó ló gùn ún. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ẹṣin dúdú náà ló ṣíwájú bí gbogbo wa ti rò, àwọn èèyàn sì ti ń pa àtẹ́wọ́ fún un. Ní ibi tí pápá ti yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ṣubú, ó kàn yà síta ni. Àṣàkẹ́ gba inú, ó fara mọ́ okùn, orí rẹ̀ wálẹ̀ bíi pé ó ń gbọ́ òórùn nǹkan nílẹ̀, ó sì ń lọ. Nígbà tó fi máa kọjá ibi tí eré parí sí, tó fi orí àti ọrùn ṣíwájú, mo rí i pé ọwọ́ obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ni mo dì mú gírígírí. Ariwo sọ ní gbogbo pápá.

Kó tó di ọjọ́ kejì, fídíò eré náà ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Mo gbé mọ́tò mi lọ sí Mọ́kọ́lá kí wọ́n lè bá mi wo bíréèkì rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì sì pé lé fóònù kan lórí. Wọ́n á jẹ́ kí fídíò náà lọ, wọ́n á dá a dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin dúdú ti yọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ ò rí i? Oríire lásán ni.” Wọn kò mọ̀ pé èmi ni mo ni ẹṣin kejì. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ ti Àṣàkẹ́ kò yọ̀ nínú ẹrẹ̀ kan náà. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, “Ìyẹn náà wà nínú oríire yẹn, Àǹtí.” Inú bí mi títí mo fi délé. Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Òun kan náà ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ.

Alhaji kò jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí a wá tún eré náà sá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní pápá kan náà, ẹṣin méjèèjì nìkan, kí ayé lè mọ òótọ́. Bàbá Challenge pe ìpàdé sí pálọ̀ wọn. Bàbá tó ń tọ́ ẹṣin wà níbẹ̀, ẹni tó gùn ún wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Challenge kan náà wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ kan Àṣàkẹ́ rí. Wọ́n gbé àga fún mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ bọ̀ kí n tó dé, wọ́n sì ń bá a lọ bíi pé n kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní kí a lọ sá a, kí a sì tà á lọ́jọ́ kejì tó bá borí. Ẹlòmíràn ní ká kọ́kọ́ sá eré kúkúrú míì ní Ìsẹ́yìn kí ara rẹ̀ lè gbóná. Ẹni tó gùn ún ní eré gígùn ló bá a mu, pé nígbà tí àwọn parí, kò tíì rẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ sáré ni. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọn tún padà sórí ọ̀rọ̀ Alhaji.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí n kò tíì sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ funfun yẹn sì gbóná. Kì í ṣe pé ó wú, kò sì tiro. Ó kàn gbóná ju èkejì lọ. Mo pe dókítà ẹran, wọ́n wá wò ó, wọ́n ní ó lè jẹ́ nǹkan, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan. Mo sọ ọ́ fún ìpàdé.

Bàbá tó ń tọ́ ọ mi orí. Wọ́n ní, “Gbogbo ẹṣin tó bá sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbóná. Á tutù kí ọjọ́ tó pé.”

Mo ní, “Tí kò bá tutù ńkọ́, Bàbá?”

Bàbá Challenge dáhùn fún wọn. Wọ́n ní, “Tá ò bá lọ, ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ìlú ti di òótọ́ nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú sàréè?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n kò ní purọ́ fún ọ. Èmi náà fẹ́ kí a lọ. Mo fẹ́ kí Àṣàkẹ́ tún fi eruku bo ẹṣin Alhaji lójú gbogbo wọn, kí n sì gbé fídíò rẹ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá fúnra mi. Bóyá ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí gan-an nìyẹn. Mo wo àwọn ọkùnrin tó wà nínú pálọ̀ yẹn, mo rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wa, àti èmi náà, tó ń ronú nípa ẹṣin. Mo dìde. Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Challenge. Àṣàkẹ́ kò níí jáde.” Wọ́n ní ẹṣin ẹbí ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, “Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá fún mi. Ẹ ní ẹ ti gbọ́.” Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo jáde, díẹ̀ ló sì kù kí n fi ẹsẹ̀ lásán lọ kí n tó rántí bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Bàbá Challenge kò gbé fóònù mi. Àwọn èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù pé ẹ̀rù ń ba ẹṣin obìnrin. Bàbá Ṣakí pàápàá kò wá fún ìgbà díẹ̀, èmi ni mo ń bomi fún Àṣàkẹ́, tí mò ń fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Alhaji fúnra wọn wá sí Àpáta. Wọ́n jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, wọn kò bú mi. Wọ́n dúró wo ẹṣin náà pẹ́, wọ́n sì ní kí n tà á fún àwọn.

Mo ní kò sí lọ́jà, sà.

Wọ́n ní, “Ìwọ náà mọ̀ pé oríire ni.”

Mo ní, “Tó bá jẹ́ oríire lásán ni, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sínú mọ́tò wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Bàbá Ṣakí fi padà wá. Wọn kò bẹ̀ mí, èmi náà kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn tẹ̀ba, wọ́n fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ funfun náà, wọ́n ní, “Ó ti tutù. Eré wo lo fẹ́ kó sá?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí.

Mo ní eré gígùn. Èyí tí wọ́n ń sá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ìlú kan lókè Ìlọrin, tí ẹṣin máa yí pápá ká léraléra, tí abo ẹṣin kò pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Ṣakí ní ó ti pọ̀ jù. Mo rán wọn létí ohun tí ẹni tó gùn ún sọ tí a kò dá a lóhùn. Wọ́n ronú sí i títí, wọ́n sì ní ká gbìyànjú ẹ̀. A fi gbogbo ìgbà òjò kọ́ ọ ní ìrìn pẹ̀lẹ́ àti eré gígùn, mo sì fi ìsinmi ọdọọdún mi mú un lọ síbẹ̀.

Ẹṣin Alhaji kò wá. Wọ́n ní eré gígùn kì í ṣe tirẹ̀. Àṣàkẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀, eruku bò ó débi pé n kò rí ẹsẹ̀ funfun rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Nígbà tí eré parí, ẹṣin kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe ń nu òógùn kúrò lọ́rùn rẹ̀, mo gbé ojú sókè, mo rí Bàbá Challenge nínú agbádá funfun wọn, tí eruku ti sọ di pupa. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní, “Ká ní o gbọ́ tiwa ni, ipò kìíní là bá gbà.” Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà, síbẹ̀ n kì bá tí gbọ́.” Wọ́n wò mí, wọ́n sì gba ìjánu lọ́wọ́ mi kí wọ́n lè bá mi fà á lọ síbi omi.

Títí di òní, wọ́n ṣì ń bi mí bóyá Àṣàkẹ́ ìbá borí ẹṣin dúdú yẹn ká ní ilẹ̀ gbẹ. N kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó máà borí rẹ̀. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni pé èèyàn lè fi ìbéèrè ẹlòmíràn sílẹ̀ láìdáhùn, kó sì sùn dáadáa. Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹni tí wọ́n bá ní kó wá fi ara rẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú á tì í. Ojú kò tì mí. Ẹṣin mi sáré lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kó sáré, ní ibi tí mo yàn fún un, lórí ẹsẹ̀ tó yá. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní oríire, kó máa pè é bẹ́ẹ̀.