Lọ, Má Lọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbúrò mi ọkùnrin fi júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin. Yàrá onígíláàsì kan lẹ́bàá irin ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ọ̀pá méjìlá tí ó ń fà láti tan iná pupa tàbí iná aláwọ̀ ewé fún àwọn awakọ̀. Bàbá Àsíá ni wọ́n ń pè é, nítorí bí iná bá kọṣẹ́, kì í jókòó káwọ́ gbera. Á sọ̀ kalẹ̀, á mú àsíá dání, á fẹsẹ̀ rin ojú irin títí á fi rí i pé ọ̀nà mọ́, á wá fọwọ́ ara rẹ̀ ju àsíá pé kí ọkọ̀ máa bọ̀. "Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kí wọ́n mú," ló máa ń wí.

Irú ẹni tí àwọn alàgbà ìjọ wa lọ tọ́ níjà nìyẹn.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá ìyàwó rẹ̀ fínra. Egbò kékeré kan ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní ọsìbítù, dókítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ọrùn-ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìjẹrà náà má baà gòkè. Ó gbé ìwé síwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Ìyàwó wa ní òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan láìgbọ́ ohùn Ọlọ́run.

Ohùn wá dé lóríṣiríṣi. Alàgbà kan tó ń ta bàtà kọ́kọ́ wọlé, Bíbélì lábẹ́ abíyá. Ó ní kó má gbára lé òye ara rẹ̀, kó dúró de Olúwa. Ìyá ìjọ tẹ̀lé e, ó ní Bíbélì kan náà sọ pé ààbò wà níbi tí olùdámọ̀ràn bá pọ̀ sí, ṣé dókítà ò lè gbani nímọ̀ràn ni? Alàgbà ní kó béèrè àmì nígbà náà, bíi ti ọkùnrin tó tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀ fún ìrì. Ìyá ìjọ ní àwọn ẹni ibi ló ń wá àmì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà létí ibùsùn aláìsàn! Pásítọ̀ ló wá parí ẹ̀: àdúrà ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ohunkóhun. Ìyàwó wa bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má bá wọn jà. Àbúrò mi gbé e mì.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àdúrà ti parí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, àbúrò mi dìde.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wòlíì tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn. Ọlọ́run ní kó má lọ, ó dúró. Ọlọ́run tún ní kó dìde kó máa lọ, ó lọ. Ni Ọlọ́run bá bínú pé ó lọ, ló bá rán áńgẹ́lì tó fa idà yọ sí i lójú ọ̀nà. Èwo ni kéèyàn tẹ̀ lé níbẹ̀?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yún mi. "Arákùnrin, àṣírí ńlá ni. Ọkàn wòlíì yẹn ni ò mọ́."

"Ọkàn ìyàwó mi mọ́, sà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń jẹrà. Níbi iṣẹ́ tèmi, tí iná bá ń sọ pé lọ, tó tún ń sọ pé má lọ, a kì í pè é ní àṣírí. A máa ń sọ pé ó ti bàjẹ́ ni."

Ìyá ìjọ káwọ́ lérí. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́, ojú ò sì tì mí.

Ó gba ọsìbítù lọ tààrà, mo tẹ̀ lé e. Ó jókòó sétí ibùsùn.

"Ìwọ lo lẹsẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sí i fún ẹ. Àmọ́ tí Ọlọ́run bá máa bínú pé a lọ, kó wá bá wa lójú ọ̀nà. Kó o sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o lọ."

"Tí a bá wá ṣì í ńkọ́?"

"A jọ ṣì í nìyẹn."

Ó fọwọ́ sí i. Dókítà wá tú báńdéèjì, ó wò ó títí, ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ọrùn-ẹsẹ̀. Lókè orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọjọ́ ìdúpẹ́, mo ti ìyàwó wa lórí kẹ̀kẹ́ arọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń kígbe. Ó ní Ọlọ́run ló tọ́ arábìnrin sọ́nà, pé kò jẹ́ kó yá jù, kò jẹ́ kó pẹ́ jù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ti na ọwọ́ gba ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ kan tó kù fún un.

"Pásítọ̀, Ọjọ́bọ̀ rèé." Ó gbé ọwọ́ náà wá sókè orúnkún. "Ọjọ́ Àìkú rèé. Láti ibí yìí dé ibí yìí, ta ló ń tọ́ mi sọ́nà?"